Onílù Mẹ́rin Nínú Ara Kan

Ẹ sún mọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ yìí. NÉPÀ ti ṣe tiwọn lálẹ́ òní, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì náà ti panu mọ́, ẹ sì ń gbọ́ bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń fọn fèrè lápá Múṣín lọ́hùn-ún. Ìlúpéjú kì í sábà dákẹ́ tó báyìí. Ẹ bá mi yí àgbàdo yẹn kó má jóná.

Bàbá tèmi, bó bá jókòó sídìí iná báyìí lábúlé, ìtàn ọdẹ tó pàdé iwin ló máa ń sọ: iwin olórí mẹ́ta, iwin ẹlẹ́sẹ̀ kan, èyí tó ń jó nínú igbó tí ewé ò mì. Èmi ò rí iwin rí. Èkó ni mo gbó sí, èèyàn ni mo rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n dárúkọ ohun ìyanu kan ṣoṣo tí ojú mi rí tí ẹnu mi ò lè pa dé, ọkùnrin kan tó jókòó sórí àpótí kékeré, tó di igi méjì mú, ni mo máa dárúkọ. Tony Ọládípọ̀ Allen ni.

"Bàbá, ṣé ẹni tó ń lùlù fún Fẹlá?"

Òun ni. Ó dára tí o mọ̀ ọ́n. Mo ti rò pé Wizkid nìkan lẹ mọ̀ nínú ilé yìí.

Ẹ rántí àwọn onídùndún tó wá síbi òkú ìyá àgbà. Ẹnì kan gbé ìyá ìlù kọ́, òun ló ń kì wá, òun ló ń pa òwe tí owó fi ń bọ́ lápò wa. Ẹnì kan wà nídìí kẹríkẹrì. Ẹnì kan mú ìṣáájú. Ọmọ kékeré ẹ̀yìn yẹn, tó fi gúdúgúdú kọ́rùn, tó ń fi awọ méjì nà án, kò kì ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ni tó náwó fún un, ṣùgbọ́n bó bá ṣíwọ́ pẹ́nrẹ́n, gbogbo agbo ni yóò mọ̀. Bí ìlù ilẹ̀ wa ṣe rí nìyẹn. Olúkúlùkù ń tọ ọ̀nà tirẹ̀, wọ́n á wá pàdé lẹ́sẹ̀ oníjó. Ọkùnrin tí mò ń sọ yìí, òun nìkan ni ìyá ìlù, òun ni kẹríkẹrì, òun ni ìṣáájú, òun náà ló tún fi gúdúgúdú kọ́rùn. Ọwọ́ ọ̀tún ń lọ sí Òyìngbò, ọwọ́ òsì ń bọ̀ láti Ìkẹjà, ẹsẹ̀ ọ̀tún wà ní Sùúrùlérè, ẹsẹ̀ òsì ń ṣeré tirẹ̀ ní Yábà. Síbẹ̀ kò sí èyí tó ṣìnà, kò sí èyí tó kọlu èkejì.

Kì í sì í ṣe ọmọ Àyàn. Èyí gan-an ló máa ń dùn mọ́ mi nínú ìtàn yìí. Nílé Àyàn, ọmọ tí kò tíì já lẹ́nu ọmú á ti máa na agolo mílíìkì, bàbá rẹ̀ á sì máa rẹ́rìn-ín. Allen ní tirẹ̀, Èkó ni wọ́n bí i sí, ní ọdún 1940, ẹ̀jẹ̀ Nàìjíríà àti ti Gánà ló pàdé lára rẹ̀. Ó ti tó ọmọ ọdún méjìdínlógún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlù, iṣẹ́ ẹ̀rọ ló sì ń ṣe nílé iṣẹ́ rédíò nígbà yẹn. Kò ní ọ̀gá. Rẹ́kọ́ọ̀dù ni ọ̀gá rẹ̀. Ó ń gbọ́ àwọn onílù jáàsì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Gene Krupa, Art Blakey, Max Roach, ó sì ń tẹ́tí títí yóò fi mọ ọwọ́ tó ṣe èyí àti ẹsẹ̀ tó ṣe tọ̀hún.

Ẹ mọ irin gíga kan tó máa ń wà lápá òsì onílù òyìnbó, tí àwo idẹ méjì dojú kọra lórí rẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí àwo méjèèjì lè pàdé? Háí-háàtì ni wọ́n ń pè é. Láyé háíláìfù, ọ̀pọ̀ onílù Èkó ò ka nǹkan yẹn sí. Ó kàn dúró síbẹ̀ ni. Allen wá ka ẹ̀kọ́ kan tí Max Roach ṣe lórí rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Down Beat, ó sì gbájú mọ́ ọn. Látìgbà yẹn ni àwo idẹ méjì yẹn ti ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi kò tíì gbọ́ ẹlòmíràn tó lè mú kí idẹ mí èémí bẹ́ẹ̀, kó ṣí díẹ̀, kó pa dé, kó tún ṣí, láìsí pé ẹni tó ń jó mọ̀ pé ohun tó ń gbé ìdí òun sókè gan-an nìyẹn.

Ẹgbẹ́ Victor Ọláìyá, Cool Cats, ló ti kọ́kọ́ rí iṣẹ́. Ẹ mọ Ọláìyá, òun ló ni Stadium Hotel ní Sùúrùlérè nígbà ayé rẹ̀. Ṣé ẹ rò pé ìdí ìlù ni wọ́n gbé e sí? Igi kékeré méjì tí wọ́n ń kàn mọ́ra, kó, kó, kó, ni wọ́n fún un. Ó kàn án. Nígbà tí onílù ẹgbẹ́ náà lọ, wọ́n ní kí ó jókòó sídìí rẹ̀. Ó tún bá ẹgbẹ́ mìíràn ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí n fo ìyẹn, torí ibi tí mò ń lọ jìnnà.

Ní 1964, Fẹlá, tí orúkọ rẹ̀ ṣì ń jẹ́ Ransome-Kútì nígbà náà, ń wá onílù. Ó ti Lọ́ńdọ̀nù dé, ó mọ jáàsì, ẹnu rẹ̀ sì mú. Allen lọ jókòó, ó lùlù fún un. Allen fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ pé ohun tí Fẹlá bi òun ni pé báwo ló ṣe jẹ́ òun nìkan ní gbogbo Nàìjíríà ló lè lu jáàsì àti háíláìfù pọ̀ báyìí. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní 1965 wọ́n ti ń ṣeré kiri gẹ́gẹ́ bí Koola Lobitos, ní 1969 wọ́n gbéra lọ sí Amẹ́ríkà, ogun abẹ́lé ṣì ń jà nílé níbí. Àwọn ìwé máa ń sọ púpọ̀ nípa ohun tí Fẹlá kọ́ lọ́hùn-ún nípa Malcolm X àti ọ̀ràn àwọn aláwọ̀ dúdú, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n onílù náà kọ́ tirẹ̀. Ní Los Angeles ló ti pàdé onílù jáàsì kan, Frank Butler, tó ní kí ó máa fi ìrọ̀rí dárayá láràárọ̀.

Ìrọ̀rí, ẹ gbọ́ mi. Timutimu tí ẹ ń gbé orí lé. Ẹ fi igi na awọ ìlù, awọ á ta igi padà sókè fún yín, ẹ̀yin ò ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Ẹ wá fi na ìrọ̀rí, kò ní dá nǹkan kan padà. Ọrùn ọwọ́ yín ni yóò gbé igi náà sókè, tí yóò sọ ọ́ kalẹ̀, tí yóò tún gbé e. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ láràárọ̀ títí ó fi mọ́ ọn lára, bó bá padà sídìí ìlù gidi, ọwọ́ rẹ̀ á ti fúyẹ́ débi pé kò ní mọ̀ pé òun ń ṣiṣẹ́. Mo ti gbìyànjú rẹ̀. Ìyá yín ló gba ìrọ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí mo wá fojú ara mi rí Allen, ilé iṣẹ́ kan ládùúgbò Industrial Avenue níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí a bá parí ṣíìfù ọ̀sán lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, a ó wẹ̀, a ó wọ ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbòòrò, a ó gba Palm Avenue já sí Agege Motor Road, a ó sì fẹsẹ̀ rìn dé Ìdí-Òro. Ilé Fẹlá wà níbẹ̀, Nọ́ńbà 14, Kàlàkútà tí ẹ ń gbọ́. Òtẹ́ẹ̀lì Empire kò jìnnà sí i, inú rẹ̀ ni Ṣíráìnì, ibi tí Fẹlá ti ń ṣeré, wà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ pé ibẹ̀ mọ́ tàbí pé ibẹ̀ dákẹ́. Èéfín, òógùn, ìyá onísùúyà, àwọn ọmọbìnrin tó ń jó lókè, ẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ tó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ orin. Gbogbo ojú wà lára Fẹlá. Ta ni kò ní wo Fẹlá?

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń lu àkúbà ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládúrà ló fà mí létí. Ó ní, "Yé wo bàbá yẹn. Wo ẹ̀yìn." A tò gba ẹ̀gbẹ́ títí a fi dé ibi tí mo ti lè rí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, mo wò. Ọkùnrin náà tẹ́ẹ́rẹ́, gíláàsì dúdú bo ojú rẹ̀, sìgá wà létè. Apá rẹ̀ ò gòkè. Àwọn onílù tí mo mọ̀, bí orin bá ti gbóná, ẹ ó rí i tí wọ́n ń gbé igi gba orí kọjá, tí òógùn ń ta sí ẹni tó wà níwájú. Èyí ò ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìgbọ̀nwọ́ dé èjìká, kò mì. Ọrùn ọwọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Bàtà ọ̀tún fẹ́rẹ̀ má kúrò nílẹ̀, ìlù ẹsẹ̀ ńlá yẹn sì ń dún, kì í ṣe ní ibi tí ẹ ti ń retí rẹ̀. Ẹ̀yin á ti gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ dè é, kò ní wá. Ẹ fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó ti dé. Ọwọ́ òsì ń fọwọ́ kan ìlù kékeré àárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i, lẹ́yìn náà lójijì, pà! ẹyọ kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo fèrè náà á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ sílẹ̀.

Orin kan á lọ fún ìdajì wákàtí. Kò tún ọwọ́ kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì lójú mi, bẹ́ẹ̀ ni orin náà ò sì yí padà. Ẹ wá bá mi túmọ̀ ìyẹn. Mo ti ń rò ó láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún.

Gbogbo ohun tí àwọn yòókù ń ṣe nínú Afrika 70, orúkọ tí ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ nígbà yẹn, Fẹlá ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn: gìtá, fèrè, ohùn àwọn obìnrin. Onílù yìí nìkan ló fi sílẹ̀ láti wá tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ sì mọ irú ẹni tí Fẹlá jẹ́. Kò sẹ́ni tó ń dá a dúró.

"Bàbá, ẹ ní ìtàn òyìnbó kan wà níbẹ̀."

Ó wà níbẹ̀. Ẹ fún mi lómi ná.

Òyìnbó kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Peter Edward Baker, irun pupa orí rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é ní Ginger. Òun àti Eric Clapton àti Jack Bruce ló dá ẹgbẹ́ Cream sílẹ̀ ní 1966. Ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ni. Ọdún méjì péré ni wọ́n lò, gbogbo ayé sì mọ̀ wọ́n. Ẹ ò tíì rí onílù alágbára bíi ti òyìnbó yẹn. Ìlù ẹsẹ̀ méjì ló ń lò níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lo ẹyọ kan, ó sì ń na gbogbo rẹ̀ bí ẹni tí ìlù jẹ lówó. Ó gbé orin kan jáde, "Toad", tó fẹ́rẹ̀ jẹ́ pé ìlù nìkan ló wà nínú rẹ̀, nígbà tí àwọn èèyàn ṣì rò pé iṣẹ́ onílù ni kó jókòó sẹ́yìn kó máa ka oókan, eéjì. Oníbìínú ni, ẹni tí kò gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Kò sì fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní onílù rọ́ọ̀kì rárá. Jáàsì lòun, ó ní. Onílù àgbà kan níbẹ̀, Phil Seamen, ti fi rẹ́kọ́ọ̀dù ìlù ilẹ̀ Áfíríkà hàn án nígbà tó ṣì kéré, ọ̀rọ̀ náà ò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́.

Ohun tí ọkùnrin yẹn wá ṣe ni mo fi ń sọ pé ìtàn ọdẹ ò jù báyìí lọ. Ní 1971, ó wọ ọkọ̀ Range Rover, ó gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, ó bọ́ sí Nàìjíríà. Ó lówó tó lè fi wọ ọkọ̀ òfuurufú, ẹ fi sọ́kàn. Oníṣẹ́ fíìmù kan, Tony Palmer, bá a wá, fíìmù náà sì wà títí dòní. Iyanrìn, òòrùn, ọkọ̀ tó ń rì, nítorí kí ó lè dé ibi tí ìlù wà. Lọ́dún yẹn kan náà ni òun àti Fẹlá jọ ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n pè ní Live! Allen wà níbẹ̀, nídìí ìlù tirẹ̀.

Kò tíì tẹ́ Baker lọ́rùn. Ó kọ́ ilé ìgborinsílẹ̀ sí Ìkẹjà, ARC ni wọ́n pè é, ó ṣí i ní 1973. Ó tún lọ bá àwọn ọlọ́lá gun ẹṣin gbá pólò. Ọ̀rọ̀ ẹṣin yẹn, mi ò lóye rẹ̀ dòní. Ẹni tó gba aṣálẹ̀ kọjá nítorí ìlù, kí ló tún fẹ́ fi ẹṣin ṣe? Paul McCartney ti ẹgbẹ́ Beatles náà wá sí Èkó lọ́dún yẹn láti gba orin sílẹ̀, ilé iṣẹ́ EMI ní Àpápá ló lò jù, ṣùgbọ́n ó gba ẹyọ orin kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ Baker ní Ìkẹjà. Ó lọ sí Ṣíráìnì pẹ̀lú, ó sì sọ fún gbogbo ayé lẹ́yìn náà pé òun sunkún nígbà tí òun gbọ́ ìlù yẹn. Àwọn olè Èkó náà ò jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo, wọ́n yọ ọ̀bẹ sí i lójú pópó, wọ́n gba téèpù orin lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó dára, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Iṣẹ́ Baker níbí ò yọrí sí rere, òun àti Fẹlá náà ò sì rẹ́ títí. Ó kó lọ. Ní February 18, 1977, àwọn ṣọ́jà sun Kàlàkútà, èéfín náà gòkè tí gbogbo Múṣín rí i. Ẹ ti gbọ́ ìyẹn lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nídìí àgbàdo.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ náà lọ ṣeré níbi àjọ̀dún jáàsì ní Berlin, ní Jámánì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Allen kúrò lọ́dọ̀ Fẹlá. Ọ̀rọ̀ owó àti ẹ̀tọ́ wà nínú rẹ̀, ó sì ti rẹ̀ ẹ́; ọdún mẹ́rìnlá kì í ṣe ọjọ́ kan. Wọ́n ní onílù mẹ́rin ni Fẹlá ní láti wá kí ó tó lè dí àlàfo ẹnì kan yẹn. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó kọjá sí Paris, ó dúró síbẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ayé tó rántí rẹ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n rántí, wọ́n rántí dáadáa. Brian Eno, olórin òyìnbó kan, sọ pé bóyá ni onílù kan wà rí tó tó o. Damon Albarn ti ẹgbẹ́ Blur dárúkọ rẹ̀ nínú orin ní 2000, lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn méjèèjì jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà. Ní 2017, nígbà tó ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, ó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù kékeré kan jáde láti fi kan sáárá sí Art Blakey, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ láti inú rẹ́kọ́ọ̀dù láìmọ̀ ọ́n. Baker kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2019. Allen tẹ̀ lé e ní April 30, 2020, ní Paris, nígbà tí kòrónà ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo wa. Ilé yìí ni mo wà. Mi ò rí ẹni bá sọ ọ́ ju ìyá yín lọ, òun náà sì bi mí bóyá Tony tó ń tún fíríìjì ṣe lójú Coker Road ni.

"Bàbá, nínú àwọn méjèèjì, ta ló mọ̀ ọ́n lù jù?"

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí. Ọ̀rẹ́ mi onílù àkúbà yẹn, ti òyìnbó ló ń ṣe títí dòní. Ó ní Baker lágbára, Baker nígboyà, òun ló kọ́kọ́ jẹ́ kí ayé rọ́ọ̀kì mọ̀ pé onílù lè dá dúró. Mi ò jiyàn. Mo bọlá fún ọkùnrin yẹn. Ẹni tó lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tó sì tún lè sọ pé òun fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ sí i, ẹ wá irú rẹ̀ fún mi láàárín àwọn tó lókìkí lónìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba aṣálẹ̀ kọjá, òun fúnra rẹ̀ ló ti fi ẹsẹ̀ dá ẹjọ́ náà. Allen ò gba aṣálẹ̀ kọjá lọ bá a.

Bí ẹ ò bá gbà mí gbọ́, ìdíje náà wà lórí téèpù. Ní Berlin yẹn, ní 1978, wọ́n gbé ìlù méjèèjì kalẹ̀, Baker wà nídìí ọ̀kan, Allen wà nídìí èkejì, wọ́n sì lù ú fún ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún láìsí fèrè, láìsí orin. Wọ́n fi sẹ́yìn Live! nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ jáde. Ẹ ò ní rí wọn, ṣùgbọ́n ẹ lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ibi tí ilẹ̀ bá ti ń mì, òyìnbó nìyẹn. Ibi tí ẹ bá ti rò pé onílù ti dákẹ́, tí orí yín ṣì ń mì láìmọ̀, ẹ fetí sí àwo idẹ yẹn, ẹ fetí sí èémí rẹ̀.

Àkànní, mú fóònù rẹ wá, wá a jáde fún wa. Dátà ń bẹ lórí tèmi bí tìrẹ bá ti tán. Kí ẹnì kan kọ́kọ́ fi èédú kún iná yìí o, ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ò kéré.